Ta Ni Yóò Túfọ̀ Baga?

Nílẹ̀ Yorùbá, òkú kì í dédé di mímọ̀. Ẹnìkan ní í lọ túfọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rán gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ilé tó ń lọ, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Wọn kì í rán ọmọdé. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé, kó tó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó gbé e wá. Ìgbà náà ni ẹkún ń sọ. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó kú ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣì ń bu oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ pa mọ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń ronú lórí ìdí tí gbogbo ayé fi ń sunkún òkú ìlú kan, tí òkú ìlú kejì kò sì mú ẹnikẹ́ni mi orí, ọ̀rọ̀ túfọ̀ yìí ni mò ń padà sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìkórìíra ló fà á: pé òyìnbó kò ka ẹ̀mí ènìyàn dúdú sí, pé ará Gúúsù kò ka ẹ̀mí ará Àríwá sí. N kò ní jiyàn pé irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kò sí. Ó wà. Ṣùgbọ́n kí ọkàn tó ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ àti ẹnu ti ṣe tiwọn. Òkú tí kò lẹ́ni tó máa túfọ̀ rẹ̀ kò tíì dé iwájú ọkàn ẹnikẹ́ni rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier nílùú Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Nǹkan bí ogójì ènìyàn ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀jẹ̀ bò ti wà lórí fóònù wa ní Ìbàdàn. Ọ̀nà ọlọ́dà ló wọ Ọ̀wọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà nínú ìlú, wọ́n sì ń ké sí àwọn ènìyàn kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn tó fi Àkúrẹ́ ṣe ibùjókòó kò jìnnà síbẹ̀. Rótìmí Akérédolú tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni. Àbújá ló wà lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, ó fi í sílẹ̀, ó padà sílé. Ìjọ Kátólíìkì ní ẹnu tó dé Róòmù: lọ́jọ́ náà gan-an ni Vatican kéde pé Póòpù Francis ti gbọ́, ó sì ń gbàdúrà fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn kan náà, àwọn agbébọn mìíràn wọ àwọn abúlé kan lágbègbè Maro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kajuru, ìpínlẹ̀ Kaduna. Dogon Noma wà lára àwọn abúlé náà. Ènìyàn 32 ni ìjọba ìpínlẹ̀ sọ níkẹyìn pé wọ́n kú. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, nígbà yẹn ìpàdé tí ẹgbẹ́ APC fi ń yan ẹni tí yóò du ipò ààrẹ ti gba gbogbo ojú ewé.

Ìbá jẹ́ pé ìwé ìròyìn nìkan ni mo gbójú lé, ǹ bá má gbọ́ rárá. Obìnrin kan tó ń ta kúnú lẹ́bàá ilé wa, ọmọ Gúúsù Kaduna, ló sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo dúró tì í, mò ń ròyìn Ọ̀wọ̀ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pa àwọn ará wa náà lọ́jọ́ Sunday. Ẹ ò gbọ́ ọ lórí rédíò?” Mo ní n kò gbọ́. Ẹni tó pè é lórí fóònù ní láti kọ́kọ́ sá dé ìlú mìíràn kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ti mọ̀ láti àná, síbẹ̀ rédíò kékeré ẹ̀gbẹ́ korobá rẹ̀ kò dákẹ́ láti àárọ̀. Ó ń retí kí ẹnìkan sọ ọ́.

N kò kórìíra ẹnikẹ́ni ní Kajuru. Mo ti sunkún Ọ̀wọ̀ fún ọjọ́ méjì, mo sì gbà pé gbogbo ẹkún tó yẹ kí n sun lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Bí ìròyìn ikú ṣe ń rìn rè é. Ará abúlé tó sá sínú igbó ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó nílò fóònù tí bátìrì rẹ̀ kò tíì kú, àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pè, ì báà jẹ́ mọ̀lẹ́bí tàbí aṣáájú àdúgbò, ní láti mọ akọ̀ròyìn kan. Akọ̀ròyìn yìí, olú ìlú ìpínlẹ̀ ló ń gbé, owó oṣù rẹ̀ lè má jáde déédéé. Ó ní láti rí owó ọkọ̀ àti ọ̀nà tí kò ní gbẹ̀mí òun náà. Bí kò bá lè lọ, yóò pe agbẹnusọ ọlọ́pàá tàbí ti ìjọba, yóò sì dúró de ohun tí ìyẹn bá fẹ́ sọ. Olóòtú ní Èkó tàbí Àbújá yóò bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: mélòó ni wọ́n, ta ló sọ bẹ́ẹ̀, àwòrán dà? Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn káyé, Reuters, AFP, AP, BBC, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò béèrè. Níbi tí ìdáhùn kan bá ti kù, ìròyìn á dúró síbẹ̀, tàbí kó di ìpínrọ̀ kékeré kan nínú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Àwọn apani mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Boko Haram ń ba òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ káàkiri Àríwá. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kéde ìlú ò fararọ ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n sì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù pa kí àwọn ọmọ ogun lè rọ́nà ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ ọgbọ́n ogun. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù ní Borno, ẹni tí wọ́n ń pa ará ilé rẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Baga ti wọlé. Ìlú apẹja ni, létí Adágún Chad, ní ìpẹ̀kun Borno. Ẹja yíyan tí ọkọ̀ ń kó wá sí àwọn ọjà Gúúsù nígbà náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń gba Baga kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2015, Boko Haram kọlu bárékè àwọn ọmọ ogun tó wà níbẹ̀. Àwọn ṣọ́jà sá. Láti ọjọ́ náà títí di nǹkan bí ọjọ́ 7, àwọn agbébọn ń yìnbọn pa ènìyàn nínú ìlú àti láwọn abúlé àyíká, wọ́n ń ti ilé dé ilé dáná sun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sá, àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi gba orí adágún lọ sí orílẹ̀-èdè Chad. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú. Kò sí akọ̀ròyìn kan tó lè wọ ibẹ̀. Ohun tí ayé gbọ́, ẹnu àwọn tó ti rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ló ti jáde, ojú wọn ṣì dá wáí, wọn ò lè ka òkú nítorí pé orí òkú ni wọ́n gbà kọjá.

Ọjọ́ 7 oṣù náà gan-an ni àwọn agbébọn méjì wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris, wọ́n pa ènìyàn 12. Kó tó di ọjọ́ 9, àwọn tí wọ́n pa ní Paris àti àyíká rẹ̀ ti di 17. Akọ̀ròyìn àti ayàwòrán ìwé ìròyìn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n pa ní ọ́fíìsì náà. Àwọn akọ̀ròyìn ẹlẹgbẹ́ wọn ló kọ ìròyìn náà, nínú ìlú tí akọ̀ròyìn orílẹ̀-èdè gbogbo ní ọ́fíìsì sí. Kò pẹ́ rárá tí Joachim Roncin, ọkùnrin kan tó ń ṣètò àwòrán fún ìwé ìròyìn mìíràn nílùú náà, fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí Twitter: Je suis Charlie. Gbogbo ayé gbé e. Kò sí òkú tó ní atúfọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11, olórí orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 rìn ní òpópónà Paris. Boni Yayi, Ààrẹ Benin nígbà náà, wà nínú wọn, Keïta ti Mali náà wà níbẹ̀.

Ó dun ọ̀pọ̀ lára wa. Ó dun èmi náà. Ignatius Kaigama, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì ní Jos nígbà yẹn, sọ ọ́ síta pé kí ayé fi irú ọkàn tí wọ́n fi dìde fún Paris dìde fún Nàìjíríà pẹ̀lú. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo rí i pé àwọn ará Paris tó jáde sunkún òkú ara wọn kò ṣẹ wá. Ilé wa ni mo yí ojú sí. Ìjọba Goodluck Jonathan bá Faransé kẹ́dùn lórí Charlie Hebdo. Lórí Baga, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Ààrẹ kò sọ nǹkan kan. Ìdìbò ń bọ̀ ní oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní, ọjọ́ kejì Charlie Hebdo, ẹgbẹ́ PDP ṣí ìpolongo rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ìlù àti ijó. Ọjọ́ 15 ni Jonathan tó dé Maiduguri, olú ìlú Borno. Àwọn ọmọ ogun ní òkú Baga kò ju nǹkan bí 150 lọ. Ìròyìn mìíràn ní wọ́n lè tó 2,000. Ẹgbẹ́ Amnesty International ní láti lo àwòrán sátẹ́láìtì kí wọ́n tó lè fi hàn pé ilé àti àtíbàbà tó lé ní 3,700 ló bàjẹ́ ní Baga àti Doron Baga tó wà nítòsí rẹ̀. Ojú ọ̀run ni wọ́n ti túfọ̀ wọn, nígbà tí àwọn tó wà nílẹ̀ dákẹ́.

Ìrìn ìròyìn nìyẹn. Bí ó bá wá dé etí wa tán, ọkàn a ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú bá ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ikú tó jọ tiwa ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ méjì ará Norway, Johan Galtung àti Mari Holmboe Ruge, yẹ bí àwọn ìwé ìròyìn orílẹ̀-èdè wọn ṣe kọ nípa rògbòdìyàn Congo, Cuba àti Cyprus wò. Wọ́n tọ́ka sí àwọn ohun tó ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ di ìròyìn: kó jọ ti àwọn òǹkàwé, kó kan orílẹ̀-èdè alágbára, kó bá wọn lójijì, kó ní ojú ènìyàn tí a lè nawọ́ sí. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ mo ń rí òfin yẹn lórí fóònù mi lójoojúmọ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 a tún rí i. Ọjọ́ 12, bọ́mbù pa ènìyàn tó lé ní 40 ní Bourj el-Barajneh, àdúgbò kan ní Beirut. Ọjọ́ 13, wọ́n pa 130 ní Paris. Facebook ṣí ohun èlò tí ènìyàn fi ń sọ fún mọ̀lẹ́bí pé òun wà láyè, fún àwọn ará Paris. Kò ṣí i fún Beirut. Àwọn ará Lebanon béèrè ìdí rẹ̀. Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, dáhùn pé ìjàm̀bá bí ìmìtìtì ilẹ̀ làwọn máa ń lò ó fún tẹ́lẹ̀, pé àwọn yóò yí i padà. Ọjọ́ 17, bọ́mbù dún ní Yola nílẹ̀ wa níbí, wọ́n sì ṣí i fún Yola. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí: ìbéèrè àwọn ará Beirut ló ṣí ilẹ̀kùn fún Yola. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí òkú tirẹ̀ lè la ọ̀nà fún òkú ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí.

Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Bọ́mbù ọjọ́ 12 yẹn wà lára èyí tó burú jù tí Beirut rí láti ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn ti parí ní 1990, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó wà lókèèrè, Beirut àti bọ́mbù ti di ọ̀rọ̀ kan. Bákan náà ni àwa pẹ̀lú Borno. Bí ó bá pẹ́, ènìyàn á gbọ́ “wọ́n pa 40 ní Borno”, á sì béèrè pé kí wọ́n bá òun yí rédíò sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Iye òkú kì í tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Onímọ̀ kan, Paul Slovic, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n sọ fún àwọn kan nípa ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Rokia, ọmọ ọdún méje ní Mali tí ebi ń pa. Wọ́n fi iye àràádọ́ta ọ̀kẹ́ tí ìyàn ń bá jà ní Áfíríkà han àwọn mìíràn. Àwọn tó gbọ́ nípa Rokia ló lawọ́ jù. Nígbà tí wọ́n wá fi àwọn iye náà kún ìtàn Rokia fún ẹgbẹ́ kẹta, owó tí ìyẹn mú jáde dín kù. Bí òkú ṣe ń pọ̀ sí i ni àánú ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ túfọ̀ ìlú kan tó pa rẹ́ wà nínú ìnira, nítorí pé bí ó bá ti sọ ẹgbẹ̀rún méjì, ó ti sọ ohun tí ọkàn kò rí àyè gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára jù ni ti ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2014, Boko Haram wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi, ìpínlẹ̀ Yobe, lóru. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin máa lọ sílé. Wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin, wọ́n dáná sun yàrá tí wọ́n ń sùn. Iye tí ìròyìn sọ bẹ̀rẹ̀ láti 29, ó lọ títí dé 59. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok.

Chibok pàápàá kò di ariwo lọ́jọ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bọ́mbù ti pa ènìyàn tó lé ní 70 ní ibùdókọ̀ Nyanya l'Ábújá, òun làwọn akọ̀ròyìn ń sá tẹ̀ lé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun kéde pé gbogbo ọmọ náà ti dòmìnira àfi mẹ́jọ; irọ́ ni, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Àwọn òbí ló dìde. Wọ́n fi ọ̀kadà wọ igbó Sambisa. Orúkọ àwọn ọmọ náà jáde lákọsílẹ̀. Oby Ezekwesili sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìwé kan ní Port Harcourt, agbẹjọ́rò kan, Ibrahim Abdullahi, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí Twitter, ó sì di #BringBackOurGirls. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, Michelle Obama gbé páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí dání. Ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n ti pa nǹkan bí 300 ènìyàn ní Gamboru Ngala, láàárín ọjà. Mélòó nínú wa ló rántí Gamboru?

Ọmọ tí wọ́n jí gbé ṣì lè padà; ẹ̀bẹ̀ wà fún un, ìbínú ní ibi tó ń lọ. Ọmọ Buni Yadi ti kú. Kò sí ẹni tí a óò sọ fún pé kó dá a padà. Mo rò pé ìyẹn wà nínú ìdí tí ayé fi gbé Chibok tí kò sì gbé Buni Yadi, yàtọ̀ sí pé a máa ń tètè káàánú ọmọbìnrin. Síbẹ̀ ìyá tó bí ọmọ Buni Yadi, oṣù mẹ́sàn-án kan náà ló fi gbé oyún rẹ̀.

Ariwo náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí ayé ṣe ń pe orúkọ Chibok, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ń níye lórí sí i lójú ẹni tó kó wọn. Ó gba ọdún méjì àti ààbọ̀ kí wọ́n tó dá 21 sílẹ̀, lẹ́yìn náà 82 ní 2017. Nígbà tí ọdún 10 pé, àwọn tí a kò tíì rí lé ní 80. Àwọn ajínigbé kọ́ ẹ̀kọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi tí ìjọba ti ń gbọ́ igbe: Dapchi ní 2018, Kankara ní 2020, Jangebe ní 2021. Bí wọ́n bá fún mi ní àyè kí n yàn, ariwo ni mo ṣì máa yàn. Ìdákẹ́jẹ́ kò gba ọmọ kankan là ní Buni Yadi.

Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń ṣe ju pé a kò sunkún lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ̀rẹ̀ láti 2011, Council on Foreign Relations, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ka àwọn tí ìjà pa ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ káàkiri sì lo iye náà. Ìwé ìròyìn ni wọ́n kà láti fi ka òkú. Èyí túmọ̀ sí pé òkú tí kò dé inú ìwé ìròyìn kò sí nínú iye, ibi tí iye rẹ̀ kéré kò dà bí ibi tó nílò ọmọ ogun, kò dà bí ibi tó nílò àgọ́ àti oúnjẹ. Lọ́dún tó bá tẹ̀lé e, akọ̀ròyìn kankan kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó lọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2015, al-Shabaab pa ènìyàn 148 ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Garissa ní Kenya, akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí tó pọ̀ jù. Olórí ayé kankan kò wá rìn ní òpópónà. Àwọn ọ̀dọ́ Kenya kò dúró dè wọ́n. Nígbà yẹn 147 ni iye tó jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé orúkọ àti àwòrán àwọn òkú náà sórí Twitter lábẹ́ #147notjustanumber: èyí fẹ́ di olùkọ́, èyí ló ń rẹ́rìn-ín yìí. Ní Potočari lẹ́bàá Srebrenica ní Bosnia, òkúta wà tí wọ́n gbẹ́ orúkọ tó lé ní 8,000 sí lára, àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin tí wọ́n pa ní oṣù Keje ọdún 1995. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò ṣẹlẹ̀ ní láti dúró níwájú orúkọ wọ̀nyẹn kó tó sọ ọ́.

Baga kò ní òkúta. Àwọn ọmọ ogun ní 150, àwọn mìíràn ní 2,000, ìwé tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé ohun kan náà ni. Ènìyàn 1,850 ló wà láàárín iye méjèèjì yẹn. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní ẹni tó ń bu oúnjẹ pa mọ́ dè wọ́n, kò sì tíì sí ẹni tó lọ kan ilẹ̀kùn ilé náà láti sọ bóyá wọ́n kú tàbí wọ́n wà láyè.